Ọmọ ta ni ọmọ tó wà nínú ilé Holbrook?

Ní oṣù kẹfà ọdún 1849, opó kan tó ń jẹ́ Charlotte Quiner lọ́kọ tuntun ní Wisconsin, lápá àríwá Amẹ́ríkà. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Henry Quiner, ti bá omi lọ nínú adágún Michigan ní 1845, ó fi òun àti àwọn ọmọ sílẹ̀. Frederick Holbrook lorúkọ ọkọ tuntun yìí. Ara àwọn ọmọ tí Charlotte kó wọ ilé rẹ̀ ni Caroline, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Caroline yìí ló padà bí Laura Ingalls Wilder, òǹkọ̀wé tí ọ̀pọ̀ èèyàn tipasẹ̀ rẹ̀ mọ bí àwọn atẹ̀dó ṣe gbé ayé nínú pápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1850, ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n ka gbogbo èèyàn. Akànìyàn ń lọ láti oko dé oko pẹ̀lú ìwé gbàràgàdà lọ́wọ́. Á kọ orúkọ bàálé ilé sókè, á wá to gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé náà sísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ọjọ́ orí, ọkùnrin àbí obìnrin, àwọ̀ ara, iṣẹ́, ìpínlẹ̀ tí wọ́n bí i sí. Wọ́n tilẹ̀ ní kó béèrè bóyá ọmọ lọ sílé ìwé lọ́dún yẹn. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò ní kó béèrè ni ohun tí ìyá àgbà èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá ì bá kọ́kọ́ bi í: "Ọmọ ta nìyí?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún ẹni tó ń wá orírun ìdílé rẹ̀ lónìí. Ó rí ọmọ kan lórí ìwé 1850 tàbí 1860, ó fa ìlà láti ọ̀dọ̀ ọmọ dé ọ̀dọ̀ bàálé, ó ní bàbá rẹ̀ nìyí. Ìwé kò wí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí ìwé wí ni pé ọmọ yìí ń gbé inú ilé yìí. Ẹni tó bá sì ń wá Caroline lọ́dún yẹn lábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ń wá ọkùnrin tó ti kú láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni.

Kálukú ọdún ló ní ohun tó lè sọ, ó sì ní ohun tí kò mọ̀. Láti 1790 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ka èèyàn títí dé 1840, orúkọ bàálé nìkan ni wọ́n ń kọ. Ìyàwó, ọmọ àti alágbàṣe di iye lásán. 1850 ni gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú kọ́kọ́ ní ìlà tirẹ̀. 1880 ni wọ́n tó fi àyè sílẹ̀ fún bí oníkálukú ṣe jẹ́ sí bàálé: ìyàwó, ọmọ, ìyá ìyàwó, ọmọ tí ìyàwó gbé wá, ayálégbé, ọmọ ọ̀dọ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí wọ́n ti bí bàbá àti ìyá ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: bí èèyàn ṣe jẹ́ sí bàálé nìkan ni wọ́n béèrè. Ẹni tí wọ́n pè ní ọmọ bàálé lè má jẹ́ ọmọ obìnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lókè tirẹ̀.

Ti 1890 ló dun àwọn olùwádìí jù. Ní January 1921, iná sọ nínú ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n kó àwọn ìwé náà sí ní Washington. Iná jẹ tirẹ̀, omi panápaná ba tirẹ̀ jẹ́, nígbà tó yá ìjọba fúnra rẹ̀ da ìyókù nù. Nínú èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 63, orúkọ bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló ṣẹ́kù. Ogún ọdún gbáko ni àlàfo yẹn, láti 1880 dé 1900. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1881 ti lè ní ọmọ tirẹ̀ kí ìkànìyàn àpapọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa tó dárúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń dí i ni ìkànìyàn tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣe ní 1885: Kansas, Iowa, Minnesota, Nebraska, àti agbègbè Dakota.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà nínú ilé ẹni tí kò bí i ṣàjèjì sí wa. Mélòó nínú wa ni kò gbé nílé àǹtí rí, tàbí nílé ẹ̀gbọ́n bàbá, tàbí lọ́dọ̀ tíṣà nítorí ilé ìwé? Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn rí. Ikú ń pa abiyamọ, àìsàn onígbá-méjì ń pa bàbá lójú ọ̀nà, àwọn tó ṣẹ́kù á pín ọmọ láàárín ara wọn. Oko tuntun sì ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀. Bí ọmọ bá wà nínú ilé atẹ̀dó tí orúkọ ìdílé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti bàálé, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń rò ni ọmọ tí ìyàwó gbé wá, bíi Caroline. Ìkejì ni ọmọ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyàwó, torí orúkọ ìdílé ìyàwó kò sí lórí ìwé rárá. Lẹ́yìn èyí ló kan ọmọ tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ìwé so mọ́ àgbẹ̀ kan torí pé òbí rẹ̀ kò rí jẹ: ọkùnrin á sìn títí yóò fi pé ọdún mọ́kànlélógún, obìnrin sábà máa ń parí tirẹ̀ ní méjìdínlógún. Ìwé àdéhùn yẹn lè wà ní ilé ẹjọ́ káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, di òní.

Àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Charles Loring Brace dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní New York ní 1853 fún àwọn ọmọ tó ń sùn ní títì. Ní 1854 ni ẹgbẹ́ náà kó àwọn àkọ́kọ́ lọ sí Dowagiac ní Michigan, tí àwọn àgbẹ̀ wá yàn wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan. Ètò náà ń lọ títí di 1929, ọmọ tí wọ́n sì kó lọ tó bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìyá tàbí bàbá tó ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá rí ilé kan ní Kansas tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ bíbí Ohio, àfi ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tí wọ́n kọ New York sí iwájú rẹ̀, ẹ fura.

Àwọn ọmọ kan wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn korò ju èyí lọ. Ní Utah, òfin kan jáde ní 1852 tó gba àwọn atẹ̀dó láyè láti fi ìwé so ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, mọ́ iṣẹ́ títí dé ogún ọdún. Ní ti ọmọ aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ẹrú ní Missouri tàbí Texas, ìwé ẹrú ti 1850 àti 1860 kò sábà dárúkọ rẹ̀ rárá. Orúkọ olówó rẹ̀ ni wọ́n kọ, ọmọ náà di ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀. Ìwé 1870 ni yóò kọ́kọ́ pè é ní orúkọ. Kí èèyàn tó rí òbí rẹ̀, àfi kó wọ inú ìwé ogún àti ìwé ẹrù ẹni tó ni ín.

Ẹ wo ti Robin Holmes àti Polly ìyàwó rẹ̀. Nathaniel Ford kó wọn láti Missouri lọ sí Oregon ní 1844 gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Nígbà tó yá, Ford yọ̀ǹda tọkọtaya náà, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti yọ̀ǹda àwọn ọmọ wọn. Robin gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní 1852. Ní 1853, Adájọ́ George Williams ní kí wọ́n dá àwọn ọmọ padà fún òbí wọn, torí kò sí òfin tó gba ẹrú níní láyè ní Oregon. Ìwé ẹjọ́ yẹn ló sọ fún wa ọmọ ta ni ọmọ. Ká ní Robin dákẹ́ ni, ọmọ nínú ilé Ford nìkan ni à bá mọ̀ wọ́n sí.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń tú u? Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fò lọ sí 1850. Ẹ wá ọmọ náà nígbà tó ti dàgbà tó ti kú: ìwé ikú rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sórí sàréè rẹ̀, ìròyìn ikú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìlú, ìwé ìgbéyàwó rẹ̀. Ìwé ikú ti ọ̀rúndún ogún sábà ní àyè fún orúkọ bàbá àti ti ìyá, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tí wọ́n bí ìyá sí. Ẹni tó sọ ọ́ lè ṣàṣìṣe, torí ọmọ tàbí ọkọ ọmọ tí kò bá wọn láyé ni nígbà míì, ṣùgbọ́n ó fún yín ní orúkọ tí ẹ ó máa lé. Ẹ má ṣe retí ìwé ẹ̀rí ìbí. Ìjọba àpapọ̀ kò dá ètò ìforúkọsílẹ̀ ìbí sílẹ̀ títí di 1915, ìpínlẹ̀ mẹ́wàá ló sì fi bẹ̀rẹ̀; Texas tó wọlé kẹ́yìn dé ní 1933. Ẹ má sì wá ìwé ìgbàtọ́ ní 1845: Massachusetts ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin ìgbàtọ́ tí a mọ̀ lónìí, ní 1851, ilé púpọ̀ sì ń bá a lọ láti gba ọmọ tọ́ láìbá adájọ́ sọ ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé ìkànìyàn bí ẹni ń ka ojú èèyàn. Ẹ ṣírò. Bí ìyàwó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tí àkọ́bí ilé sì jẹ́ mẹ́rìnlá, ìyàwó kejì nìyẹn, tàbí ọmọ náà kì í ṣe tiwọn. Bí wọ́n bá to ọmọ láti ẹ̀gbọ́n dé àbúrò, tí ọmọ ọdún méjìlá kan wá jókòó sísàlẹ̀ ọmọ ọwọ́, àlejò ló sábà jẹ́. Ibi ìbí nìkan lè sọ ìrìn àjò ìdílé fún yín. Nínú ilé Caroline fúnra rẹ̀, nígbà tó ti di ìyàwó Charles Ingalls tí wọ́n sì ń gbé ní agbègbè Dakota ní 1880, ọmọ mẹ́rin ló wà: Mary àti Laura tí wọ́n bí ní Wisconsin, Carrie tí wọ́n bí ní Kansas ní 1870, Grace tí wọ́n bí ní Iowa ní 1877. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta, ìdílé tó ń kó kiri. Ṣùgbọ́n àlàfo wo ló wà láàárín Carrie àti Grace? Ọdún méje.

Obìnrin tó ń bímọ ní ọdún méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, kì í dá ọdún méje dúró lásán. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀. Charles Frederick lorúkọ rẹ̀ (ẹ rántí orúkọ ọkọ ìyá Caroline), Freddie ni wọ́n ń pè é. Wọ́n bí i ní Minnesota ní November 1, 1875, ó kú ní August 27, 1876, kò pé oṣù mẹ́wàá láyé. Ìkànìyàn 1870 kò bá a, ti 1880 kò bá a. Ìkànìyàn tí Minnesota ṣe láàárín ọdún 1875 ti kọjá kí wọ́n tó bí i. Ìwé òkú tí àwọn akànìyàn ń kọ kò gbà á pẹ̀lú, torí ẹni tó kú láàárín oṣù méjìlá ṣáájú June 1 ọdún ìkànìyàn nìkan ló ń wọ inú rẹ̀. Ọmọ tó wá tó lọ, tí ìjọba àpapọ̀ kò kà rí! Àwa tí a mọ àbíkú mọ irú ihò tí ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ nínú ilé. Ìdí nìyí tí ìwé 1900 fi dùn mọ́ mi: wọ́n bi ìyá kọ̀ọ̀kan pé ọmọ mélòó lo bí, mélòó ló kù. Ti Caroline, márùn-ún ló bí, mẹ́rin ló kù.

June 1 yẹn ń da àwọn èèyàn láàmú lọ́nà mìíràn. Ní 1850 títí dé 1880, bí ilé ṣe rí ní June 1 ni akànìyàn gbọ́dọ̀ kọ, ìgbà yòówù kó dé. Wọ́n bí Carrie ní August 3, 1870. Bí akànìyàn bá dé lọ́jọ́ kejì tó bá ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, òfin ní kó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Bíbélì ìdílé ló sọ ìbí Carrie fún wa.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ èdè òfin díẹ̀, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Bí adájọ́ ìgbà yẹn bá pe ọmọ ní òrukàn, aláìníbaba ló ní lọ́kàn. Ìyá rẹ̀ lè wà láàyè nílé tó ń ro ọkà. Bí ìwé bá sì ní wọ́n yan alágbàtọ́ fún un, ẹ má ṣe ka ìyá kún òkú: ogún bàbá ni wọ́n yan ẹni náà láti máa ṣọ́, ó sì lè jẹ́ ọkọ tuntun ìyá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọmọ ọwọ́ (infant), òfin tún fi ń pe ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé mọ́kànlélógún. Àgbà àti kékeré (Senior àti Junior) tí wọ́n ń fi kún orúkọ kì í ṣe bàbá àti ọmọ dandan. Bí ìlú bá ní John Smith méjì tí kò bára wọn tan, èyí tó dàgbà jù ni àgbà. Nínú ìwé àtijọ́, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọkọ ọmọ ẹni lónìí (son-in-law) lè jẹ́ ọmọkùnrin tí ìyàwó ẹni gbé wá. Yorùbá tó pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní bàbá kò purọ́. Àwọn náà kò purọ́, àwa ni kò gbọ́ èdè wọn. Polly lè jẹ́ Mary, Sally jẹ́ Sarah, Patsy jẹ́ Martha. Akànìyàn sì ń kọ orúkọ bó ṣe gbọ́ ọ létí, torí náà ẹ pe Quiner jáde lẹ́nu ní oríṣiríṣi ọ̀nà kí ẹ tó sọ pé kò sí níbẹ̀.

Ní tèmi, ibi tí owó àti ilẹ̀ bá wà ni òtítọ́ ìbátan ti máa ń jáde, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí èèyàn búra. Nígbà tí bàbá bá kú láìsọ bí wọ́n ṣe máa pín ogún, ilé ẹjọ́ káúńtì á kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ní ẹ̀tọ́, pẹ̀lú èyí tó ń gbé lábẹ́ orúkọ ọkọ ìyá rẹ̀ ní káúńtì kẹta. Opó ọmọ ogun tó kú nínú ogun abẹ́lé 1861 sí 1865 tó ń béèrè owó fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rìndínlógún gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ ìbí wọn hàn. Àwọn kan fa ojú ewé ìdílé ya kúrò nínú Bíbélì wọn, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Washington, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ní Oregon, òfin 1850 fún tọkọtaya ní 640 éékà, ìdajì sì jẹ́ ti ìyàwó gan-an, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Òfin ilẹ̀ ọ̀fẹ́ tí Ààrẹ Lincoln fọwọ́ sí ní May 20, 1862 fúnni ní 160 éékà lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí èèyàn bá ti gbé orí rẹ̀. Lọ́jọ́ ẹ̀rí, olóko àti ẹlẹ́rìí rẹ̀ á sọ ìgbà tó kọ́lé àti ìdílé tó ń gbé ibẹ̀. Charles Ingalls gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá De Smet, ìlú kan ní agbègbè Dakota, ní 1880. Ní Kansas kò ní ìwé ilẹ̀ kankan, torí ilẹ̀ àwọn Osage, ẹ̀yà onílẹ̀ kan, ló lọ jókòó lé.

Àwọn ojú ewé ìkànìyàn wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí FamilySearch, ìkànnì ìjọ àwọn Mormon. Fáìlì ilẹ̀ àti ti owó opó, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Washington ni ẹ ó ti béèrè.

DNA ńkọ́? Ó wúlò, ṣùgbọ́n àwọn Quiner á dá a láàmú. Henry, ẹ̀gbọ́n Caroline, fẹ́ Polly Ingalls ní 1859. Caroline fẹ́ Charles Ingalls ní February 1, 1860. Eliza, àbúrò rẹ̀, fẹ́ Peter Ingalls ní 1861. Ọmọ ìyá mẹ́ta lọ sí ilé kan náà! Àwọn ọmọ tí wọ́n bí jẹ́ ìbátan ara wọn lọ́nà méjì, bàbá àgbà àti ìyá àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pa wọ́n pọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò sábà máa ń pín bí ìdá méjìlá àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún DNA. Irú àwọn wọ̀nyí á pín bí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, iye kan náà tí ọmọ bàbá kan tí ìyá wọn yàtọ̀ ń pín. Iye yẹn nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwé ìgbéyàwó mẹ́ta yẹn ló lè ṣe é.

Ohun kan sì tún wà. Laura ní ọmọbìnrin kan, Rose, tó kú ní 1968 láìfi ọmọ sílẹ̀, àwọn arábìnrin Laura yòókù kò sì bímọ. Ẹni tó bá ní àtọmọdọ́mọ Caroline lòun lónìí, ẹ ní kó lọ tún ìwé rẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ ti Henry, ó lè jẹ́ ti Eliza. Ó sì lè jẹ́ ti Lottie, ọmọbìnrin tí Charlotte bí fún Frederick Holbrook ní 1854, ọmọ tó jẹ́ pé Holbrook gan-an ni bàbá rẹ̀.